Ẹ̀wù Tó Dúró sí Ìgbó-Ẹfọ̀n

Orí òkìtì yanrìn ni wọ́n bí Abíọ́nà sí, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ tí ìjọba ń là lọ sí Ẹpẹ́ nígbà náà. Modúpẹ́ ìyá rẹ̀ ń gbé ẹja gbígbẹ bọ̀ láti Ajah, ó fẹ́ dé Ìkátẹ̀ kí oòrùn tó mú, ṣùgbọ́n ọmọ inú rẹ̀ kò fẹ́ dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń da yanrìn sójú irà ni wọ́n fi tapólì ọkọ̀ wọn ṣe ìbòòji fún un, obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ fún wọn ló sì gbẹ̀bí. Bí ọmọ ti ké, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ní kí awakọ̀ katapílà pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí ìyá ọmọ lè sinmi díẹ̀. Modúpẹ́ ń sọ èyí títí ó fi kú: pé iṣẹ́ ìjọba dúró nítorí ọmọ òun.

Abíọ́nà àti ọ̀nà náà jọ dàgbà ni. Nígbà tó ń rákò, yẹ̀pẹ̀ pupa ṣì ni ọ̀nà náà. Nígbà tó fi máa bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ti da ọ̀dà sí i, ó ń dán. Mọ́tò kò pọ̀ nígbà yẹn. Ènìyàn lè dúró ní Ìlasàn kó máa gbọ́ ìró ọkọ̀ kan ṣoṣo láti ọ̀nà jíjìn, kó jẹ àgbàdo ọwọ́ rẹ̀ tán kí ọkọ̀ náà tó yọjú. Igi àgbọn ló wà lápá òkun, irà àti ọ̀pọ̀lọ́ ló wà lápá ọ̀sà. Bí típà tó kó yẹ̀pẹ̀ bá kọjá, Abíọ́nà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bọ́ sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á máa sáré lórí ọ̀dà gbígbóná láìwọ bàtà, àwọn yòókù á sì máa já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun kì í tètè já. Bí àwọn aládùúgbò bá ké sí Modúpẹ́ pé kó wá pe ọmọ rẹ̀ kúrò lójú títì, á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ilé tí wọ́n ti bí i ló ń lọ.

Ó dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, ògiri rírẹ́ ló sì mọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Àkókò yẹn ni ilé ń hù bí olú láti Ìkátẹ̀ dé Ajah, iṣẹ́ kò sì wọ́n. Ó fẹ́ Fúnláyọ̀, ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ìjọ aláṣọ funfun, wọ́n sì gba yàrá àti pálọ̀ kan ní Jákàńdè, nínú àwọn ilé alájà tí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ ń gbé. Fúnláyọ̀ ló ń fọ aṣọ àdúrà fún ìjọ, òun náà ló ń lọ̀ wọ́n. Ó mọ sùtánà oníkálukú, ó mọ àmùrè tí ipò kọ̀ọ̀kan ń dì mọ́ ìbàdí. Bí o bá da gbogbo wọn jọ síwájú rẹ̀, á ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè.

Ẹni tí kò sí nínú irú ìjọ bẹ́ẹ̀ lè má mọ bí ọ̀rọ̀ àmùrè ti wúwo tó. A kì í kàn ra àmùrè kí a dì í. Wọ́n á kọ́kọ́ ta òróró síni lórí ná. Arákùnrin Fọláránmi gbàgbé èyí lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí òjò pa aṣọ rẹ̀, ó yọ àmùrè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí okùn, ó dì í wọ inú ìjọ. Olùṣọ́-àgùntàn kò bínú, kò sì gbé ohùn sókè. Ó pè é síwájú, ó ní, "Fọláránmi, aṣọ yìí ti dé ibi tí ìwọ ò tíì dé. Dá a padà, kí o dúró de tìrẹ." Abíọ́nà wà lórí ìjókòó lọ́jọ́ náà. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún yóò wá òun wá.

Lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n ti gbé ibodè tí wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ sójú ọ̀nà, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ilẹ̀ gbé eré maratọ́ọ̀nù kalẹ̀. Láti oríta Ẹlẹ́kọ̀ ni wọ́n á ti gbéra, róńdá àkọ́kọ́ ní Lẹ́kí ni wọ́n á parí rẹ̀ sí. Nígbà tí Abíọ́nà gbọ́, ó ṣe é bí ẹni pé ọ̀nà ìgbà èwe rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ pè é. Ó lọ forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ àwẹ̀ ìjọ ni eré náà bọ́ sí. Àwọn àgbà ìjọ sọ fún un pé kó jẹun, pé Ọlọ́run mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ agbára, ó kọ̀. Ó ní òun á fi àwẹ̀ náà tọrọ ìṣẹ́gun. Agogo méjìlá ọ̀sán ni àwẹ̀ wọn máa ń já.

Ó sọ fún Fúnláyọ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú pé, "Tí mo bá fi máa dé Jákàńdè, oòrùn á ti wà ní àtàrí. Gbé omi dúró dè mí lẹ́nu géètì. Ọwọ́ rẹ ni mo ti fẹ́ ṣínu."

Bó ṣe sáré nìyẹn. Láti Ẹlẹ́kọ̀ dé Bógíjẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ bí ìgbà tó ń lé típà. Wọ́n to omi sórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà fún àwọn tó ń sáré. Àwọn ọ̀dọ́ ń na omi inú ọ̀rá sí i, ó ń mi orí, ó ń kọjá. Ní Sáńgótẹ̀dó, ó ń kọjá àwọn tó ti mumi. Ní Ajah, àwọn ará ọjà pàtẹ́wọ́ fún un, ìyá kan sì tẹ̀ lé e díẹ̀ tó ń kí i pé "pẹ̀lẹ́, ọkọ mi." Lẹ́yìn Ajah ni oòrùn dé ní tòótọ́. Ní Ìkọ̀tà, kò gbọ́ ariwo mọ́, ìró ọkàn ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Nígbà tó dé Ìgbó-Ẹfọ̀n, iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dì pọ̀, ojú rẹ̀ ṣú, ó sì rí i pé òun ti wà nílẹ̀ kó tó mọ̀ pé òun ṣubú.

Bọ́ọ̀sì kan wà tó ń bọ̀ lẹ́yìn láti ṣa àwọn tó bá já lọ́nà. Wọ́n gbé e sínú rẹ̀, wọ́n da omi sí i lórí, wọ́n sì bu díẹ̀ sí i lẹ́nu. Báyìí ni àwẹ̀ náà ṣe já, lọ́wọ́ àjèjì. Nígbà tí wọ́n kọjá ní Jákàńdè, orí pákó ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló nà sí. Kò lè dìde wo ẹnu géètì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lẹ́kí ló yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ gbọ́. Ìyá arúgbó kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ẹ̀wù tí wọ́n ń fún àwọn tó bá sáré dé òpin, ó jọ pé ìyá ẹni tó ni ilé iṣẹ́ náà ni. Ẹnikẹ́ni tó bá dé, ìyá náà á dìde fún un, á fi ọwọ́ méjèèjì na ẹ̀wù sí i, á sì gbàdúrà fún un. Apá kejì ni ó yẹ kí àwọn tó bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì gbà lọ. Ṣùgbọ́n ojú Abíọ́nà kò tíì là tán. Ẹ̀yìn ènìyàn tó rí níwájú ló ń tẹ̀ lé, títí ó fi bá ara rẹ̀ níwájú ìyá náà, tí arúgbó sì ti fi orúnkún tó ń dùn ún dìde nítorí rẹ̀.

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ ẹsẹ̀," ni ìyá náà wí. "Ibi tí o bá dojú kọ, wàá dé ibẹ̀. Ọ̀nà ò ní já mọ́ ọ lẹ́sẹ̀."

Abíọ́nà ní, "Àmín, ìyá."

Ìgbà tí àmín ti jáde lẹ́nu rẹ̀ tán ló tó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá kàn dá a padà kó ní àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ohun tí a bá gbàdúrà sí tí a sì ṣe àmín sí, a kì í dá a padà. Bó bá dá ẹ̀wù padà, ó ti dá àdúrà padà nìyẹn, fún arúgbó tó dìde fún un. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀wù náà dára. Ó ní àwọ̀ òkun ní òwúrọ̀, àmì ilé iṣẹ́ bàtà eré ìje ti òkè òkun wà ní èjìká rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sí àyà rẹ̀ pé ẹni tó wọ̀ ọ́ sáré dé òpin.

Nígbà tó délé, Fúnláyọ̀ jókòó sórí àpótí, kete omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣì kún. Abíọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé èrò pọ̀ lẹ́nu géètì, pé òun kò ráyè yà. Fúnláyọ̀ wo ẹ̀wù, ó wo ojú rẹ̀.

"Mo rí yín," ló wí. "Ẹ kọjá bí atẹ́gùn."

Ó wá lọ gbé oúnjẹ. Abíọ́nà mọ̀ pé kò lè rí òun. Ó rò pé ẹlòmíràn tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òun ló kọjá, tí ìyàwó òun ṣì í mọ̀. Ó dùn mọ́ ọn, ó sì tì í lójú, kò sì bi í léèrè mọ́.

Ẹ̀wù náà wá di ara rẹ̀. Kì í wọ̀ ọ́ sídìí símẹ́ǹtì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí kò bá sí iṣẹ́ ló ń wọ̀ ọ́. Àwọn olówó tó ń sáré láàárọ̀ nínú àwọn ẹ́sítéètì Ìkátẹ̀ a máa na àtàǹpàkò sí i bí ẹni tí wọ́n jọ jẹ ẹgbẹ́ kan. Ẹnjiníà kan fi í ṣe olórí àwọn bíríkìlà rẹ̀, ó ní ẹni tó sáré láti Ẹlẹ́kọ̀ kò ní fi ògiri òun sílẹ̀ lágbedeméjì. Kàsímù aládùúgbò wọn, tó ń wa kẹ̀kẹ́ èrò, kò jẹ́ kó sinmi. Bí Abíọ́nà bá fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, á ní, "Ṣé ẹsẹ̀ tiyín náà ń gun kẹ̀kẹ́ ni? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹ̀yin ló yẹ kí ẹ máa gbé kẹ̀kẹ́ mi." Àwọn èrò á rẹ́rìn-ín, Abíọ́nà náà á rẹ́rìn-ín.

Kò purọ́. Bí wọ́n bá ní kó ròyìn eré náà, á sọ ti Bógíjẹ, á sọ ti ìyá tó tẹ̀ lé e ní Ajah. Bó bá dé Ìgbó-Ẹfọ̀n, á wúkọ́, á ní Ọlọ́run ló ṣe é. Lójú tirẹ̀, àdúrà tí kò tíì dé ni ẹ̀wù náà. Lọ́dọọdún ló ń pinnu pé òun á tún eré náà sá. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ yẹn kò gbé e kalẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí, pákó tó dúró lé lórí yẹ̀ ní ilé alájà kan ní Ọ̀ṣápá, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì bà jẹ́. Láti ìgbà náà ló ti ń tiro díẹ̀. Ẹ̀wù náà ṣì rọ̀ sórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, àwọ̀ òkun rẹ̀ ń ṣí díẹ̀díẹ̀.

Ayọ̀mikún ni ọmọ wọn obìnrin. Ìgbà tí baba rẹ̀ sáré, ó ṣì kéré, òun ló fi ẹ̀wù náà bora sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ṣí èbúté tuntun ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, ó ríṣẹ́ síbẹ̀, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń sáré láàárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ó wá délé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ó sọ pé àwọn kan tún ti gbé eré maratọ́ọ̀nù kalẹ̀, láti Ẹlẹ́kọ̀ dé Lẹ́kí, bíi tàtijọ́. Ó ti forúkọ sílẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ̀wù yín ni mo fẹ́ wọ̀ sáré," ló wí. "Ó mọ ọ̀nà."

Fúnláyọ̀ ń lọ sùtánà. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè kúrò lára aṣọ, ó sì dá a dúró bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Abíọ́nà ní ẹ̀wù náà ti ya lábẹ́ apá. Ọmọ ní òun ti rán an ní ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó ní ó ti ṣí. Ọmọ ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun ṣe fẹ́ ẹ, kí àwọn ẹgbẹ́ òun lè mọ̀ pé òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ eré nílé àwọn. Baba rẹ̀ wá ní kó dúró di Ọjọ́ Ìsinmi.

Abíọ́nà kò lè jẹun tó nírọ̀lẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún Fọláránmi ló ń bá a jà. Àmùrè ti ẹ̀gbọ́n Fọláránmi ti dé ibi tí Fọláránmi kò dé. Ti òun wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹ̀wù òun pàápàá kò débẹ̀. Lẹ́kí ni wọ́n ti fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ ẹni bá dé ni ẹ̀wù ẹni dé; Ìgbó-Ẹfọ̀n ló dúró sí. Ẹ̀wù tó dúró sí Ìgbó-Ẹfọ̀n, báwo ni yóò ṣe gbé ọmọ dé Lẹ́kí? Ó rí Ayọ̀mikún lójú ọkàn rẹ̀, nílẹ̀, lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí òun gan-an nà sí. Ó rò ó pé kí òun kúkú sọ òótọ́ fún un. Ṣùgbọ́n bó bá sọ òótọ́, ẹnu òun ló máa mọ́. Ẹ̀wù ṣì máa wà níbi tó wà.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó yọ ẹ̀wù náà lórí ìṣó, ó wọ̀ ọ́, kò jẹ nǹkan, kò sì mu nǹkan. Ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìgbó-Ẹfọ̀n.

Kò kọ́kọ́ mọ ibẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ òkúta etí títì, wọ́n ti bo gọ́tà. Ògiri kan ní òdìkejì ló fi mọ̀ ọ́n, ògiri tí òun fúnra rẹ̀ rẹ́ ṣáájú ọdún eré. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ó ṣì mọ ibi tí ọwọ́ òun yí sí ní igun rẹ̀. Ó dúró ní ìdojúkọ ògiri náà, ó ṣe àmì àgbélébùú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí Lẹ́kí.

Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ rìn ní ọ̀nà yẹn lásìkò yìí, ó ní ohun tó ń wá. Gíláàsì ilé ń kọ mànà lápá méjèèjì. Abíọ́nà ń rìn, ó ń rí ohun àtijọ́ tí àwọn tó wà nínú mọ́tò kò lè rí. Ní Ọ̀ṣápá, ó rí irà tí wọ́n ti máa ń pẹja abori. Ní ibi tí wọ́n ti ń ta fìrísà, ó rí igi àgbọn tí Modúpẹ́ máa ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, tí á bu atẹ́gùn sínú ìró rẹ̀. Òórùn ọ̀dà gbígbóná dé sí i nímú, ó sì dà bíi pé típà kan máa kọjá níwájú rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti ń ké.

Ní Àgùngì, kẹ̀kẹ́ kan dẹwọ́ eré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ojú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Kàsímù ni. Kò ṣe ẹ̀fẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Bàbá Ayọ̀, ẹsẹ̀ yẹn ń dùn yín. Ẹ wọlé. N ò ní gbowó."

Abíọ́nà di irin kẹ̀kẹ́ náà mú, ó mí. Ìjókòó ẹ̀yìn ṣófo, ó sì fẹ̀. Ó rántí pákó ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀sì. Ó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Kàsímù, máa lọ," ló wí. "Ọkọ̀ ti gbé mi kọjá ibí yìí rí."

Ohun tó sọ kò yé Kàsímù, ṣùgbọ́n ó rí ojú rẹ̀, ó sì lọ.

Oòrùn ti wà ní àtàrí nígbà tó rí géètì Jákàńdè lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ti pinnu láti tẹrí ba kó kọjá kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n Fúnláyọ̀ dúró sẹ́nu géètì, ìborùn funfun wà lórí rẹ̀, kete kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi àwo bò.

"Ẹ dúró, Bàbá Ayọ̀mikún. Omi yín rèé."

Abíọ́nà wo omi náà, kò gbà á. "Fúnláyọ̀, ta lo rí lọ́jọ́ náà?"

"N ò rí ẹnì kankan. Mo dúró títí àwọn tó ń gbálẹ̀ títì fi dé, wọ́n ní kí n yà."

"Kí ló dé tí o fi ní o rí mi?"

"Ẹ ti wọ ẹ̀wù wọlé," ni Fúnláyọ̀ wí. "N ò mọ bí ẹ ṣe gbà á, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ kì í jí nǹkan oníǹkan. Mo ní ọjọ́ tí ẹ bá máa kọjá, ẹ ó kọjá. Láàárọ̀ yìí ni mo rí i pé ìṣó ṣófo. Ẹ gba omi, apá ń ro mí."

Ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó mu ún títí ó fi kan ìsàlẹ̀ kete. Ọwọ́ tó ní òun fẹ́ ti ṣínu ló ti ṣínu.

Fúnláyọ̀ so ìró rẹ̀ le, ó tẹ̀ lé e. Ní Ìkátẹ̀, níbi tí ilé epo kan wà báyìí, Abíọ́nà yọ fìlà rẹ̀ bí wọ́n ti ń kọjá. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ibẹ̀ ni òkìtì yanrìn náà wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ nígbà tí wọ́n fi dé Lẹ́kí, níbẹ̀ sì ni wàhálà tí kò rò tẹ́lẹ̀ ti bá a. Kò rí róńdá. Ó bi ọkùnrin kan tó ń ta ìwé ìròyìn léèrè.

"Róńdá wo, Bàbá? Wọ́n ti hú u tipẹ́. Iná aládarí ọkọ̀ yìí ló kù."

Abíọ́nà dúró lábẹ́ iná náà, ó ń yíjú. Kò mọ ibi tí òkìtì ẹ̀wù wà mọ́, kò mọ ibi tí ìyá arúgbó náà jókòó sí. Òpin tó wá dé láti Ìgbó-Ẹfọ̀n kò sí níbẹ̀ láti tọ́ka sí. Ó ronú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó tún gbéra, ó ń rìn lọ sí ìhà ibodè owó.

"Níbo la tún ń lọ?" ni Fúnláyọ̀ béèrè.

"Kó má baà ku ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan."

Wọ́n rìn títí wọ́n fi rí ibodè náà gbangba. Fúnláyọ̀ wá di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Ó ti tó. Àbí ẹ fẹ́ dé Ọbalẹ́ndé ni?"

Abíọ́nà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́bàá ọ̀nà níbẹ̀, ó sọ àdúrà ìyá arúgbó náà fún un, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, èyí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Fúnláyọ̀ tẹrí ba, ó ní, "Àmín." Wọ́n wá wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.

Nígbà tí Ayọ̀mikún dé ní ìrọ̀lẹ́, ó bá ẹ̀wù náà lórí àga. Ó gbé e.

"Ó tutù," ló wí. "Bàbá mi, ẹ wọ̀ ọ́ lónìí ni?"

"Ìgbó-Ẹfọ̀n ló wà láti ọjọ́ yìí wá," ni baba rẹ̀ dáhùn, tó na ẹsẹ̀ sórí àpótí. "Òní ni mo mú un délé."

Ọmọ wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ayọ̀mikún fa bàsíà mọ́ra láti fọ ẹ̀wù náà, ṣùgbọ́n Fúnláyọ̀, ẹni tó ń fọ aṣọ gbogbo ìjọ, gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Má fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe wọ̀ ọ́."

Ó gbé e jáde, ó sá a sórí okùn láàárín àwọn sùtánà. Nígbà tí atẹ́gùn òkun fi máa gbẹ ẹ́ tán, iyọ̀ òógùn ti yọ funfun lára àwọ̀ òkun rẹ̀, láti èjìká títí dé ìsàlẹ̀.